Jókòó, Jẹ́ Kí Àgbà Rọ Tíì fún Ọ

Old Trafford, Manchester.
Ọjọ́ Sunday, a ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ṣọ́ọ̀ṣì dé.

Mọ́rẹ́nikẹ́ mi, Àdùkẹ́ ọmọ mi,

Má jẹ́ kí àyà rẹ já tó o bá rí ìwé mi. Kò sẹ́ni tó kú. Ara ìyá rẹ le, ara tèmi náà le, gbogbo van wa ló ń ṣiṣẹ́. Mò ń kọ̀wé torí pé o ò gbé fóònù mi mọ́. Tí mo bá pè ọ́ lórí Skype, á dún, á dún, á dákẹ́. Ìyá rẹ nìkan lò ń bá sọ̀rọ̀. Tí mo bá wọlé bá yín níbẹ̀, wàá ní, "Ẹ kú iṣẹ́, Daddy," o ò ní pẹ́ sọ pé ìpàdé ń dúró dè ọ́. Ìpàdé wo ló wà ní Japan lóru? Mo lè má kàwé, àmọ́ mo mọ aago ìlú tí ọmọ mi wà.

Ìyá rẹ ní kí n máa sọ ọ́, kí òun bá mi tẹ̀ ẹ́ ránṣẹ́. Mo ní rárá. Ọwọ́ ara mi ni màá fi kọ ọ́. O mọ̀ pé primary four ni mo kà dé ní Ṣàgámù, ìyẹn náà, ìdajì ẹ̀ ni mo fi wà lórí igi máńgòrò. Fara dà á fún mi tí ọ̀rọ̀ bá wọ́ra wọn.

O mọ irú èèyàn tí mo jẹ́. Ìgbálẹ̀ àti báàkẹ́ẹ̀tì ni mo fi bẹ̀rẹ̀ ní ìlú yìí. Lónìí, tí van tó ní orúkọ mi lára bá jáde láti Old Trafford, á dé Eccles, á dé Broughton, á fọ ọ́fíìsì àwọn lọ́yà mọ́ kí wọ́n tó jí. Àwọn tó ní digírì ń bọ̀ wá bẹ̀ mí pé kí n gbà wọ́n síṣẹ́. Kò sí òyìnbó tí mo jókòó tì tí mi ò mọ ohun tó wà nínú ẹ̀ kó tó ya ẹnu. Ojú lásán ni mo fi ń kà wọ́n. Èyí ló jẹ́ kí n rò pé kò síbi tí mo lè dé láyé yìí tí ohun tó ń lọ níbẹ̀ ò ní yé mi.

Ó wá di ọjọ́ Thursday tó kọjá. Ìyá rẹ sọ fún mi pé Sakai-san, ọ̀gá rẹ, ń fẹ̀yìn tì lóṣù yìí, pé gbogbo yín ń kóra jọ lẹ́yìn iṣẹ́ láti bá a jẹ, bá a mu, kẹ́ ẹ sì dágbére fún un. Ó ní o sọ pé o ò ní lọ. Ó ní ojú ń tì ọ́ láti tún jókòó sídìí tábìlì kan náà pẹ̀lú wọn, pé o tiẹ̀ ti ń wá iṣẹ́ sí Manchester. Ó yẹ kínú mi dùn, àbí? Ọmọ tí mo fẹ́ kó wà nítòsí mi ń bọ̀ wálé. Àmọ́ mi ò lè yọ̀, Mọ́rẹ́, torí mo mọ ẹni tó ń lé ọ bọ̀. Èmi ni.

Lọ síbẹ̀. Ohun tí mo fẹ́ sọ nìyẹn. Ìyókù tí mo fẹ́ kọ, àlàyé lásán ni, àmọ́ fara balẹ̀ kà á.

Àkọ́kọ́. Má yẹra fún àwọn tẹ́ ẹ jọ ń ṣiṣẹ́ tí wọ́n bá ní ẹ wá ká lọ jókòó. Nígbà tí mo kọ́kọ́ dé ibí, tí ìwọ àti ìyá rẹ ṣì wà ní Ṣàgámù, mò ń ṣiṣẹ́ ní warehouse kan ní Eccles. Gbogbo Friday, wọ́n ń lọ sí pub. Wọ́n ń pè mí, mo ń kọ̀. Èmi ọmọ ìgbàlà, kí ni mo fẹ́ lọ ṣe nílé ọtí? Dípò kí n sọ bẹ́ẹ̀, mo parọ́ pé ikùn ń yọ mí lẹ́nu, pé dókítà ní kí n má fẹnu kan ọtí. Mo rò pé ọgbọ́n ni mo gbọ́n.

Bàbá kan wà níbẹ̀ tó ń wa forklift, Frank lorúkọ ẹ̀. Ó ní, "Pal, wá mu orange juice. Kò sẹ́ni tó ní kó o mu bíà." Mo bá wọn lọ. Ẹnì kan dìde, ó ra ti gbogbo wa. Tó bá tán, ẹlòmíì á dìde, á tún ra ti gbogbo wa. Mo mu orange juice mi, mo dúpẹ́, mo wọ bọ́ọ̀sì lọ sílé. Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe lọ́sẹ̀ kejì, bẹ́ẹ̀ náà ni mo ṣe lọ́sẹ̀ kẹta. Mo tiẹ̀ ra káàdì fóònù, mo fi pe ìyá rẹ: "Àwọn òyìnbó yìí mà fẹ́ràn mi o! Wọn ò jẹ́ kí n náwó rárá!" Ìyá rẹ ń dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run.

Lọ́jọ́ kan, Frank bá mi ní bus stop. Ó ní, "Ṣó o mọ orúkọ tí wọ́n ń pè ọ́?"

Mo ní, "Chief?" Torí èmi ni mo ní kí wọ́n máa pè mí ní Chief.

Ó ní, "Short Arms. Wọ́n ní ọwọ́ rẹ ò gùn dé inú àpò rẹ."

Ibẹ̀ ló ti wá ṣàlàyé fún mi pé yíyí ni wọ́n ń yí i ká, pé kálukú ló ń ra ti gbogbo èèyàn tó bá kàn án, àti pé ó ti pẹ́ tó ti kàn mí. Ilẹ̀ ò kúkú lanu kó gbé mi mì. Ní Friday tó tẹ̀ lé e, mo dìde kí ẹnikẹ́ni tó jókòó, mo ra ti gbogbo wọn, mo ra ti àwọn tó wà ní tábìlì kejì tí mi ò mọ̀ rí. Wọ́n pariwo, wọ́n gbá mi lẹ́yìn. Ṣé o rò pé ó tán? Rárá. Ìyàwó Frank ti gbọ́ pé ikùn ń dà mí láàmú, ó ń se omi ọkà barley fún mi, kíkan, ó ń fi ránṣẹ́ ní gbogbo Monday. Frank á dúró tì mí títí màá fi mu ún tán. Irọ́ tí mo pa ni mò ń gbé mì, ife kan, ife kan.

Nítorí náà, tí o ò bá mu ọtí, sọ ọ́ ní tààrà lẹ́ẹ̀kan, kó o sì bá wọn jókòó. Mo ń kọ èyí báyìí, ó ń pa mí lẹ́rìn-ín, torí o ti ṣe é dáadáa ju bí mo ṣe ń kọ́ ọ lọ. Ọjọ́ àkọ́kọ́ lo ti sọ fún wọn. Mi ò mọ̀ nígbà yẹn ni.

Èkejì ló wúwo. Mo fẹ́ kọ bó ṣe ṣẹlẹ̀ lálẹ́ Friday yẹn nígbà tí mo wá kí ọ ní Japan, torí bí mo ṣe ń sọ ọ́ fáwọn èèyàn níbí kọ́ ló ṣe ṣẹlẹ̀.

A wà nínú train, à ń lọ bá àwọn tẹ́ ẹ jọ ń ṣiṣẹ́ jẹun. O ní, "Daddy, ẹ jọ̀ọ́, ohun díẹ̀ wà tó yẹ kẹ́ ẹ mọ̀. Níbi tá à ń lọ, ẹnì kan kì í rọ ohun mímu fún ara ẹ̀. Ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín ló máa rọ tiyín, ẹ̀yin náà á rọ tiẹ̀. Tẹ́ ẹ ò bá fẹ́ mọ́, ẹ fi kọ́ọ̀pù yín sílẹ̀ ní kíkún. Tó bá ti ṣófo, wọ́n á tún kún un."

Mo ní, "Ìwọ lo fẹ́ kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń jókòó láwùjọ? Èmi tí mo ti bá councillor jẹun?"

O rẹ́rìn-ín. O ní, "Mo mọ̀, Daddy mi. Ó ku ẹyọ kan péré."

Mo ní, "Ó tó gẹ́ẹ́."

Láti ìgbà tí mo ti dé ni mo ti ń rò ó. Ẹyọ kan tó kù yẹn, mo mọ̀ pé òun gan-an ló ṣe pàtàkì. Mi ò jẹ́ kó o sọ ọ́.

A dé ibẹ̀. A bọ́ bàtà lẹ́nu ọ̀nà. Ìbọ̀sẹ̀ mi ti lu, àtàǹpàkò mi yọ síta, mo ń ká a wọlé. Wọ́n fi mí sí inú lọ́hùn-ún, tí mo fẹ̀yìn ti ògiri, o sì sọ pé ibẹ̀ ni wọ́n ń fi àlejò pàtàkì sí. Mo ní ó yẹ bẹ́ẹ̀. Gbogbo wa jókòó sórí ẹní ní ìdí tábìlì kúkúrú. Wọ́n gbé kọ́ọ̀pù sókè, wọ́n pariwo "kanpai," wọ́n mu. Sakai-san wá síwájú mi, orí ẹ̀ funfun báláú, ó jù mí lọ dáadáa. Ó gbá ìgò Coke mú lọ́wọ́ méjèèjì, ó rọ ọ́ fún mi, ó ní, "Father. Welcome." Èmi náà gbá bíà mú lọ́wọ́ méjèèjì, mo rọ ọ́ fún un. Inú mi dùn. Mo ní, èyí gan-an ni ọmọlúàbí.

Nígbà tó yá, ó mú ìgò kan tí ohun inú ẹ̀ pọ́n rúsúrúsú. Ó rìn kọjá gbogbo wọn, ó dé ọ̀dọ̀ rẹ. Ó kúnlẹ̀, ó ká ẹsẹ̀ sábẹ́. Gbogbo wọn dákẹ́, wọ́n ń rẹ́rìn-ín músẹ́, bí ìgbà tí wọ́n ń retí nǹkan. Ìwọ gbé kọ́ọ̀pù rẹ sókè lọ́wọ́ méjèèjì. O ò dìde.

Orí mi gbóná. Mo rí bàbá arúgbó lórí eékún níwájú ọmọ tí mo bí. Mo rí ohun tó pọ́n nínú ìgò, mo ní whisky ni. Mo dìde dúró.

"Mọ́rẹ́nikẹ́! Bàbá tó jù mí lọ ń kúnlẹ̀ rọ ọtí fún ẹ, o jókòó síbẹ̀ bí olorì?"

O ní, "Daddy, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí wọ́n rọ ọ́. Màá ṣàlàyé fún yín nílé."

"Kí lo fẹ́ ṣàlàyé? Ṣé bí mo ṣe kọ́ ẹ nìyẹn? Kúnlẹ̀! Kúnlẹ̀ dáadáa, kó o bẹ̀ wọ́n!"

Mo já ìgò náà gbà lọ́wọ́ Sakai-san. Ó dà sí i lára, ó ṣàn láti orí táì ẹ̀ wọ inú ṣẹ́ẹ̀tì.

O wò mí. Ojú yẹn ò kúrò lọ́kàn mi. O wá kúnlẹ̀, o tẹrí ba títí iwájú orí rẹ fi kan ẹní. Ìwọ tó ò ń ya àwòrán lift tó ń gbé èèyàn gun ilé tó kan ojú ọ̀run, o kúnlẹ̀ torí pé bàbá rẹ ní kó o kúnlẹ̀. Sakai-san sún sẹ́yìn, ó gbé ọwọ́ méjèèjì lélẹ̀, òun náà tẹrí ba. Ẹni tó tẹ̀ lé e náà ṣe bẹ́ẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń lọ sílẹ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan títí gbogbo wọn fi dorí kodò. Èmi nìkan ni mo dúró, ìgò lọ́wọ́ mi, àtàǹpàkò mi níta.

Àdùkẹ́, màá sọ òótọ́ fún ọ. Mo rò pé èmi ni wọ́n ń kí. Mo ní wọ́n ti wá rí i pé àgbà wà níbẹ̀. Mo na ọwọ́ sókè bíi pásítọ̀, mo ní, "God bless you, God bless you, rise."

Ojú ń tì mí bí mo ṣe ń kọ ọ́ yìí. Mo gbé bírò sílẹ̀, mo lọ fọ ojú kí n tó padà wá.

O dúró sẹ́yìn láti bá Sakai-san sọ̀rọ̀. Yuki, ọmọbìnrin tẹ́ ẹ jọ ń jókòó sí ọ́fíìsì, ló sìn mí lọ sí station. Mò ń yìn wọ́n lójú ọ̀nà fún un. Mo ní, ẹ̀kọ́ ilé yín dára gan-an. Ó dúró lójú ọ̀nà. Ó wá ní, "Sir, kí ni Mọ́rẹ́ ṣe?"

Mo ní, "Kò ṣe nǹkan kan. Ó kàn jókòó ni."

Ó ní, "Kí ló dé tó fi bẹ̀bẹ̀ bẹ́ẹ̀?"

Òun ló ṣàlàyé fún mi pé lọ́dọ̀ tiwọn, tí èèyàn bá kúnlẹ̀ tó forí kanlẹ̀, ó ti ṣe ohun tó burú débi pé kò sí ọ̀rọ̀ mọ́. Ó ní àwọn rò pé o ti ba iṣẹ́ ńlá kan jẹ́, tó o fi pa mọ́ fún wọn. Ó ní Sakai-san rò pé kọ́ńpìnì ló fìyà jẹ ọ́, tí bàbá rẹ fi wá láti ọ̀nà jíjìn láti wá jà fún ọ. Bàbá yẹn ń bẹ̀ mí ni. Ó ń bẹ̀ mí nítorí rẹ.

Mo ní, "Ọtí tó ń fún un ńkọ́?"

Ó wò mí bí ẹni pé orí mi ò pé. Ó ní, "Tíì ni. Tíì tútù. Sakai-san ló ń sọ fún wọn kí wọ́n gbé e wá kẹ́nikẹ́ni tó jókòó, kó má bàa sẹ́ni tó máa fi bíà lọ̀ ọ́."

Ó wá sọ èyí tó pa mí. Wọ́n fẹ́ fi ọ́ ṣe olórí group yín lálẹ́ ọjọ́ yẹn. Ọ̀gá máa ń rọ ohun mímu fún ẹni tó bá fẹ́ gbé ga, lójú gbogbo ènìyàn, kó tó sọ ọ́ lẹ́nu. Kò wá sọ ọ́ mọ́. Ta ló fẹ́ sọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ lórí ẹni tó forí kanlẹ̀?

Èmi tí mo ní mo mọ ojú kà.

O wá bá wa ní station, èmi àtìwọ jọ wọ train lọ sílé. Ní airport, lọ́jọ́ tí mò ń padà, o ò kúnlẹ̀ fún mi bí o ṣe máa ń ṣe láti kékeré. O tẹ̀ síwájú díẹ̀ bíi tàwọn ará ibẹ̀, ọwọ́ rẹ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara. Mo ṣe bí ẹni tí kò rí i. Mo ń wá passport tó wà lọ́wọ́ mi.

Ìmọ̀ràn tó wà níbẹ̀ nìyí: tó o bá wà nílé onílé, tí nǹkan bí ọ nínú, bi wọ́n kó o tó bínú. Bi wọ́n! Kò ní gbà ọ́ ní àkókò. Ìbéèrè kan ṣoṣo lọ́wọ́ ọmọ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi ni ì bá gbà mí. Mi ò bi í torí pé ọmọ ni.

Ẹ̀kẹta. Má fi irọ́ bo ìtìjú. Èmi ni mò ń sọ ọ́ o, má rẹ́rìn-ín. Nígbà tí mo dé, mo dìde nínú ìpàdé àwọn ọkùnrin ní ṣọ́ọ̀ṣì, mo jẹ́rìí. Mo ní Ọlọ́run gbé mi ga ní ilẹ̀ Japan, pé àwọn ọ̀gá kọ́ńpìnì dọ̀bálẹ̀ fún mi lójú ọmọ mi. Wọ́n pariwo halleluyah. Wọ́n ní kí n tún un sọ ní Sunday níwájú gbogbo ìjọ. Mo tún un sọ, mo tiẹ̀ fi kún un.

Ìyá rẹ ń gé ẹ̀fọ́ ní kíṣìnì nígbà tó pè mí. "Bàbá Mọ́rẹ́, ṣé lóòótọ́ ni àwọn ará Japan dọ̀bálẹ̀ fún yín?"

Mo ní, "Ṣé o ò sí ní ṣọ́ọ̀ṣì ni?"

Ó ní, "Mo wà níbẹ̀. Èmi ni mo pàtẹ́wọ́ jù. Mọ́rẹ́ ti sọ tiẹ̀ fún mi." Ó gbé ọ̀bẹ sílẹ̀. "Látìgbà tọ́mọ yẹn ti kúrò nílé yìí, nínú òtútù, nínú ìdánìkanwà, kò sunkún sí mi létí rí. Ìgbà tẹ́ ẹ lọ kí i ló sunkún. Kí ẹ máa bá ẹ̀rí yín lọ."

Kò pariwo. Ó tún mú ọ̀bẹ, ó ń gé ẹ̀fọ́ ẹ̀ lọ.

Mo wá fẹ́ mọ bó ṣe rí lára Sakai-san. O mọ Fúnkẹ́, ọmọ tó ń bójú tó àwọn tó ń lọ sí Broughton. Iṣẹ́ ẹ̀ dáa, mo ti ń rò ó láti fi ṣe manager. A jẹun ní ọ́fíìsì lọ́jọ́ kan, jọ́lọ́ọ̀fù àti malt, gbogbo òṣìṣẹ́ wà níbẹ̀. Mo ṣí malt kan, mo lọ síwájú Fúnkẹ́, mo fi eékún mi tó ń dun mí kúnlẹ̀ sórí carpet.

Ó fò dìde bí ẹni tí iná jó. "Yéè! Daddy! Ẹ dákun! Ṣé ẹ fẹ́ kí èpè jà mí ni?" Ó já malt gbà lọ́wọ́ mi, ó dà sí èmi àti òun lára. Àwọn yòókù ń pariwo, "Fúnkẹ́, kí lo ṣe fún Daddy?"

Kí lo ṣe? Ìbéèrè Yuki gan-an!

Mo mọ̀ pé ọ̀wọ̀ ni Fúnkẹ́ ń bù fún mi. Síbẹ̀, bí ìgò yẹn ṣe kúrò lọ́wọ́ mi, nǹkan kan já nínú mi. Ohun rere tí mo gbé wá fún un, kò rí i gbà. Gbogbo ọ̀rọ̀ tí mo ti tò sẹ́nu fò lọ. Mo ní, "Fúnkẹ́, jókòó." Ó ní òun ò lè jókòó. Mo ní, "Mo bẹ̀ ọ́. Jókòó." Ó jókòó, ó fi ọwọ́ kan bojú, ó fi ìkejì di kọ́ọ̀pù mú. Mo gba ohun tó kù nínú ìgò, mo rọ ọ́ fún un. Mo sọ ọ̀rọ̀ mi, pé òun ni manager wa báyìí. Ó sunkún, gbogbo wọn pàtẹ́wọ́, èèyàn méjì ló sì gbé mi dìde nílẹ̀ torí eékún mi kọ̀.

Mo ti di ẹni tó ń rọ malt fáwọn òṣìṣẹ́ báyìí. Wọ́n ní orí Daddy ti yí. Ó yí dáadáa.

Lówùúrọ̀ òní, mo dìde ní ṣọ́ọ̀ṣì, mo ní mo fẹ́ tún ẹ̀rí mi ṣe. Mo sọ gbogbo ẹ̀, tíì, táì, ìbọ̀sẹ̀. Arákùnrin kan láti ẹ̀yìn ní, "Daddy, tí kì í bá ṣe ẹ̀yin ni wọ́n ń kí, kí ni wọ́n wá ń ṣe nílẹ̀?"

Mo ní, "Wọ́n ń bẹ̀ mí kí n fi ọmọ mi sílẹ̀."

Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín. Ìyá rẹ gbá mi lọ́wọ́ mú nígbà tí mo jókòó. Ìgbà tá a délé ni mo bẹ̀rẹ̀ ìwé yìí.

Mọ́rẹ́, mo ṣẹ̀ ọ́. Mi ò ní "tí mo bá ṣẹ̀ ọ́." Mo ṣẹ̀ ọ́. Mo sọ ọ́ di kékeré níbi tí wọ́n ti fẹ́ sọ ọ́ di ńlá, mo sì wálé wá fi ṣe fáàrí. Dárí jì mí. Tó bá gba àkókò, mo ní sùúrù. Fóònù mi wà ní títàn.

Tó o bá fẹ́ padà sí Manchester torí pé ó wù ọ́, yàrá rẹ wà ńbẹ̀, ìyá rẹ á jó. Àmọ́ má sá wálé nítorí ohun tí èmi ṣe. Ìdójúti yẹn, tèmi ni. Fi sílẹ̀ fún mi, mo lágbára láti gbé e.

Táì kan wà nínú àpò ìwé yìí. Ti Sakai-san ni. Èmi fúnra mi ni mo lọ rà á, kì í ṣe èyí tí wọ́n ń tà lórí tábìlì, sílíìkì gidi ni, fọwọ́ kàn án kó o rí i. Bi Yuki kó o tó fún un, kó o mọ bí wọ́n ṣe ń fúnni ní nǹkan lọ́hùn-ún, kí n má bàa tún ti ibí ba nǹkan jẹ́. Sọ fún Sakai-san pé bàbá Mọ́rẹ́ ní tíì ni òun dà nù lọ́jọ́ yẹn, àmọ́ òun ti wá rí ohun tó wà nínú ẹ̀. Sọ fún un pé o kò ba iṣẹ́ kankan jẹ́. Pé ìkúnlẹ̀ lọ́dọ̀ wa, ìkíni ni. Pé èèyàn kan tí kò bi ẹnikẹ́ni ló gbé e lọ síbi tí kò yẹ.

Mo gbà pé á tún rọ ọ́ fún ọ. Irú bàbá yẹn ò ní lọ láìrọ ọ́ fún ọ. Tó o bá rí i tó gbé ìgò tíì, tó ń bọ̀ ní ọ̀dọ̀ rẹ, tó ń ká ẹsẹ̀ sílẹ̀, má wo apá ibi tí mo jókòó sí. Mi ò sí níbẹ̀. Gbé kọ́ọ̀pù rẹ sókè lọ́wọ́ méjèèjì.

Má dìde, ọmọ mi.

Bàbá rẹ tó ń dúró de ìpè rẹ,
Bàbá Mọ́rẹ́